Ọkọ̀ Ojú Kánáàlì àti Àjọ Oṣù 24

Láti oṣù mélòó kan ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn láti bi mí pé, "Sísítà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ra ọkọ̀ ojú omi?" Bàbá kan nínú ìjọ tilẹ̀ fẹ̀rín sí i, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé owó nọ́ọ̀sì ti di báyìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni mo ní. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni tèmi àti bàbá àwọn ọmọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí ni pé mo mọ̀ pé ó kéré tán ìdílé méjì láàárín yín ti ń wo ọkọ̀ lórí fóònù lóru. Èmi náà ti rin ọ̀nà yẹn, mo sì fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀.

Milton Keynes ni à ń gbé. Grand Union Canal, odò àtọwọ́dá tó ti Lọ́ńdọ̀n lọ dé Birmingham ní máìlì 137, gba inú ìlú wa kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wa mọ́tò gba orí afárá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìbojú wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé a fẹ́ lọ ṣeré lórí kánáàlì, wọ́n fi igbe ta. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní kánáàlì l'Ékòó: gọ́tà ńlá tí omi ìdọ̀tí àti ike ń gbà kọjá, tí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, á wá kí èèyàn nínú pálọ̀. "Kí lo ń wá nínú kánáàlì?" Mo ní, "Mọ́mì, ti ibí yàtọ̀." Wọ́n ní ó dáa, kí n ṣáà rí i pé àwọn ọmọ wẹ̀ tí a bá padà délé.

Àwọn tó gbẹ́ odò wọ̀nyí kò gbẹ́ ẹ fún fàájì. Kí rélùwéè tó dé, ọ̀nà ilẹ̀ burú, ẹṣin kan tó ń rìn létí omi sì lè fa ẹrù tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò lè kó lórí ilẹ̀. Ní 1761 ni Bridgewater Canal bẹ̀rẹ̀ sí í kó èédú láti Worsley lọ sí Manchester, owó èédú sì já wálẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn olówó yòókù ṣe rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn. Orí irú omi bẹ́ẹ̀ náà ni òwú tí wọ́n fi àwọn ẹrú dúdú gbìn ní Amẹ́ríkà gbà dé àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Lancashire. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá wò wá létí omi bí ẹni pé a ṣìnà.

Ní oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwa àti ìdílé kan háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ kan. £200 ni, a sì pín in sí méjì. Narrowboat ni wọ́n ń pè é: ọkọ̀ onírin, ó gùn, ó sì tín-ín-rín. Kì í fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn lock inú kánáàlì kékeré ṣe fẹ̀ mọ. Fún ẹni tí kò bá mọ lock: omi kò lè gun òkè, nítorí náà níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n kọ́ iyàrá òkúta kan sínú odò, ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó fi irin kan yí ojú ihò omi sílẹ̀, omi á kún, ọkọ̀ á gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Apá yín àti ẹ̀yìn yín ni ẹ̀rọ.

Ẹnu ọ̀nà Cosgrove la ti kọjá lórí afárá onírin tí wọ́n ṣí ní 1811. Omi ló wà nínú afárá náà, omi mìíràn, ìyẹn odò Great Ouse, sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Apá kan ní ọ̀nà ẹsẹ̀ àti irin tí èèyàn lè dì mú. Apá kejì kò ní nǹkan kan: ẹ ó kàn máa wo ìsàlẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ọmọbìnrin wa dijú títí a fi kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà, ló ń darí ọkọ̀.

Ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn. "Ó dáa." "Rárá." "Mi ò mọ̀." Gbólóhùn rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì mẹ́rin lọ ní wákàtí kan. Tí ẹ bá ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí òsì, orí ọkọ̀ á yí sí ọ̀tún, ẹ ó sì dúró díẹ̀ kó tó gbọ́ràn. Èèyàn kò lè máa tẹ fóònù pẹ̀lú ìyẹn. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì ń wo iwájú, kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì, ló bá la ẹnu. Ó sọ ohun tó ti ń dùn ún nílé ìwé láti oṣù mẹ́fà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Èmi tí mo ń bi àwọn aláìsàn léèrè lójoojúmọ́ pé níbo ló ń dùn wọ́n, mi ò tíì bi ọmọ mi.

Ọjọ́ yẹn ni àìsàn ọkọ̀ wọ̀ mí lára. Bí a bá ń sinmi lọ́gànjọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìpolówó ọkọ̀ ni mò ń kà. Bàbá àwọn ọmọ ní ẹ̀rù ń ba òun kí ọkọ̀ má lọ gba ipò ọkọ. Kò pẹ́ tí mo fi rí èyí tó wù mí: ẹsẹ̀ bàtà 57, aṣọ fèrèsé olódòdó, sítóòfù èédú kékeré nígun, £46,000. A ní £9,000 nílẹ̀. Mo fẹ́ yá £37,000 yòókù. Bánkì kì í yáni lówó ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń yáni lówó ilé. Àwọn tó ń yáni lówó ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n èlé wọn ga ju ti ilé lọ, ọdún tí wọ́n sì ń fúnni láti fi san án kéré. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé kan, mo rí i pé tí mo bá ń fi òru mẹ́ta kún iṣẹ́ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á ṣeé ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru náà kí n tó tilẹ̀ gba owó, kí n lè fi dán ara mi wò. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Èmi tí mo máa ń wàásù lórí ìsinmi! Ní oṣù karùn-ún, a háyà ọkọ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo sì sùn láti ìgbà tí a ti kúrò ní èbúté títí a fi dé ìsàlẹ̀ Stoke Bruerne. Wọ́n gun lock méje níbẹ̀ láìsí èmi. Nígbà tí mo jí, ọmọ mi ń nu ọwọ́, ó sì bi mí ní jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, tí ẹ bá ra ọkọ̀ yẹn, ta ló máa bá wa wọ̀ ọ́?"

Mi ò rí èsì fún un. Síbẹ̀ mi ò jáwọ́, ẹ má rò pé mo gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ṣì ní kí amòye tó ń yẹ ọkọ̀ wò lọ wò ó fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ọkọ̀ onírin kankan láìṣe èyí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ kan ara irin náà káàkiri láti mọ bí ó ṣe nípọn tó. £650 fún òun, £250 fún àwọn tó fa ọkọ̀ jáde. Irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ mílímítà 6 nígbà tí wọ́n kàn án, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ kù sí mílímítà 3 níbì kan lẹ́bàá ojú omi, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kun ọ̀dà dídán sí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kì í fẹ́ gba ọkọ̀ tí irin rẹ̀ kò tó mílímítà 4. Wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ jó irin tuntun mọ́ ọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sì ni iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń tà á kò gbà láti dín owó kù. £900 wa lọ. Bàbá àwọn ọmọ kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ro àmàlà, ó sì fi ẹja tó tóbi jù síwájú mi.

Ibi tí ọ̀nà ti là nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀nà ilé wa ni. Kí ni ìyá wa fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ? Kí ni bàbá wa fi ra ilẹ̀? Àjọ. Àwa ìdílé mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í dá £250 lóṣù. Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kan ni lóṣù, £24,000 ní oṣù 24, kò sí kọ́bọ̀ èlé. A kì í kó o fún ẹnikẹ́ni. Inú àkáǹtì kan tó gba ìbuwọ́lù ẹni mẹ́ta ló ń wọ̀ sí. Mo fi iṣẹ́ òru tí mo fi kún iṣẹ́ mi sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni ìwé àdéhùn. Mo ní kí a kọ ohun gbogbo sílẹ̀ kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé: ta ni á máa bójú tó ẹ́ńjìnnì, kí ni a ó ṣe tí ẹnì kan kò bá rí owó dá, báwo ni a ó ṣe pín ọ̀sẹ̀ oṣù kẹjọ tí gbogbo ọmọ wà nílé, báwo ni ẹni tó bá fẹ́ jáde ṣe máa gba owó rẹ̀. Arákùnrin kan bínú. Ó ní, "Àbí a ò fọkàn tán ara wa mọ́ ni, Sísítà? Ṣebí ará kan náà ni wá." Mo sọ fún un pé ní wọ́ọ̀dù wa, nọ́ọ̀sì méjì ló ń buwọ́ lùwé kí a tó fún aláìsàn ní oògùn líle. Kò sí ẹni tó pe ẹnì kejì ní olè. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, iṣẹ́ gbé òun gan-an àti ìdílé rẹ̀ lọ sí Calgary. Ìwé tí kò fẹ́ buwọ́ lù náà la fi mọ iye tí a ó dá padà fún un àti ìgbà tí a ó dá a padà. Ó pè mí láti Kánádà láti dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Kerala, níbi tí wọ́n ti mọ ọkọ̀ wà dunjú, ló gba ipò wọn.

Ọkọ̀ tí a rà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, 1988 ni wọ́n kàn án. £22,000 ni wọ́n gbà, £2,000 tó kù la fi san owó àyẹ̀wò, tí a sì fi tún àwọn nǹkan ṣe. Aṣọ fèrèsé rẹ̀ kò dára rárá. Irin rẹ̀ dára. Ẹ bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tà o: kò sí àkọsílẹ̀ ìjọba tó pọn dandan tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn bíi ti ilé. Ìwé tí òun fi rà á àti èyí tó máa kọ fún yín ni ẹ̀rí yín. Láísẹ́ǹsì kì í ṣe ẹ̀rí.

Owó tó ń dun èèyàn kọ́ ni èyí tí ẹ fi ra ọkọ̀, èyí tí kì í tán ni. Láísẹ́ǹsì tí à ń gbà lọ́dọ̀ Canal & River Trust, àjọ aláàánú tó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ British Waterways ní 2012, jẹ́ nǹkan bí £1,000 lọ́dún fún irú tiwa. Owó èbúté tí a ń so ó mọ́ jẹ́ £2,400. Ìbánigbófò, £160. Dísù, gáàsì àti èédú, £440. A sì ń fi £1,200 pamọ́ lọ́dún fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, torí ó máa bàjẹ́. Nínú rẹ̀ la ti ń san owó àyẹ̀wò ààbò tó pọn dandan ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti ti ọ̀dà dúdú tí a gbọ́dọ̀ kùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ £5,200. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, £25 ni lọ́sẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni, £100 lọ́sẹ̀ ni, bóyá mo wọ ọkọ̀ náà o, bóyá n kò wọ̀ ọ́. Tí £25 pàápàá bá le fún yín, ẹ háyà fún ọjọ́ kan lọ́dún bí a ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ mi la ẹnu, a ò tíì ra nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tí ẹ ń sọ pé ẹ ó fi ọkọ̀ sá fún owó ilé, ẹ gbọ́. Tí ẹ kò bá ní èbúté, òfin 1995 ní kí ẹ máa ṣí kiri. Ẹ kò gbọdọ̀ dúró lójú kan ju ọjọ́ 14 lọ. Láti 2024, owó láísẹ́ǹsì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ga ju ti ẹni tó ní èbúté lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa pọn omi sínú táǹkì, tí ẹ ó máa gbé ilé ìgbẹ́ yín lọ dà, tí ẹ ó máa dáná èédú nínú yìnyín. Àwọn kan gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣáà lọ bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kìíní kí ẹ tó san owó. Ti ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ kò nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kankan láti darí ọkọ̀ ara yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n dára púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì díẹ̀. Sítóòfù, gáàsì àti ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tóóró lè tú carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú. Tó bá ṣe gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fúyẹ́ tí ẹ bá jáde, ẹ jáde, kí ẹ má sì padà wọlé, kí ẹ pe dókítà. Láti oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n ti sọ aago tó ń kígbe nítorí rẹ̀ di dandan nínú ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn sí. Ẹ má gbé iná ìyanran wọ inú ọkọ̀ láé, kódà tó bá ti fẹ́ kú.

Ìyá mi kò sì jẹ̀bi nípa wíwẹ̀. Ìtọ̀ eku wà nínú omi yẹn, ó sì lè fa àrùn leptospirosis láti ojú egbò. Ẹ bo egbò, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Tí ibà àti ara ríro bá dé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti wà lórí kánáàlì. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lock, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ súnmọ́ ilẹ̀kùn òkè: pẹpẹ òkúta kan wà lábẹ́ omi níbẹ̀, tí omi bá fà, ìdí ọkọ̀ á há sórí rẹ̀, orí rẹ̀ á máa rì. Àwọn ọmọ kéékèèké gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó, kódà tí wọ́n bá sunkún.

Ní Stoke Bruerne, nígbà tí mo kọjú sí ibẹ̀ láìsùn, mo gbọ́ nípa nọ́ọ̀sì kan, Sister Mary Ward. Nígbà tí ẹrù ṣì ń gba orí omi yìí, àwọn ìdílé ń gbé nínú ọkọ̀, wọn kì í dúró lójú kan, ìtọ́jú sì ṣòro fún wọn láti rí. Obìnrin yìí ń tọ́jú wọn nínú ilé rẹ̀ létí kánáàlì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo dúró síwájú ilé náà pẹ́. Lẹ́yìn náà la wọ inú ihò Blisworth, tí wọ́n ṣí ní 1805. Ó gùn ní yáàdì 3,076, kò sí ọ̀nà ẹṣin nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń dùbúlẹ̀ lórí ọkọ̀ nígbà náà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lára ògiri láti tì í kọjá. Ó gbà wá ju ààbọ̀ wákàtí lọ nínú òkùnkùn. Ọmọ mi ń darí, omi ń kán sí wa lórí, ó sì ń bi mí nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: ọdún mélòó ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣé ọkùnrin ń ṣe é, ṣé ó máa ń rẹ̀ mí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á fa ọkọ̀ jáde fún ọ̀dà dúdú. Àwa ìdílé mẹ́rin ló máa kùn ún fúnra wa, kí owó lè kù. Nọ́ọ̀sì ará Kerala ní òun máa gbé ìrẹsì wá. Jọ́lọ́ọ̀fù ni tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bó ṣe rí gan-an kó tó ra tirẹ̀, kó bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, kó sì wọ aṣọ tí kò ní dùn ún tó bá bàjẹ́.